Ewì Ara Dígí

Onídìrí kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀, nítorí pé kódà ọmọ tó bá ń sunkún wọlé á tòògbé lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò rọ̀ tó ọwọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, tíṣà tó ń dirí fún kọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní irú ewì kan tí wọn ò gbọ́ rí. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá péré ni: ọ̀kan ní ìlà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, kí ẹyọ kan wá pa á dé.

"Ewì rèé àbí oògùn ikọ́?" ni obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn béèrè. "Ọ̀kan láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án!"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, tíṣà ní kí kálukú kọ nípa ohun tó ń sú u. Alábàtà gbìyànjú títí, kò rí i tò. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ nu òróró ọwọ́ rẹ̀, ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó kọ ọ́:

Arúgbó
Ìbéèrè kan
Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́
"Ṣé o ti tilẹ̀kùn?"
Yéè!

Ṣọ́ọ̀bù fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Orí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wú. Àṣé òun náà lè kéwì! Ó lẹ ìwé náà mọ́ dígí. Kò sọ fún wọn pé ìyá ọkọ òun ni arúgbó ọ̀hún, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Àfi bí ìyá ṣe wọlé láti wá fọ irun. Ilé ni wọ́n ti máa ń fọ irun rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí. Ó jókòó síwájú dígí, ó fi awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà, ètè rẹ̀ ń mì. Ọwọ́ onídìrí dúró gbagidi lórí tíṣà.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Àgbà kan mà ń yọ wọ́n lẹ́nu nílé wọn o. Ta ló kọ ọ́?"

"Onídìrí wa ni, Mà!" ni alábàtà dáhùn.

"O káre, ìyàwó mi," ni ìyá wí.

Ìyàwó mi. Alábàtà wo tíṣà, tíṣà wolẹ̀. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fọ irun ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì lè gbójú sókè wo dígí, torí ojú wọn á pàdé níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe délé, ó kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin ni mo kọ. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Mo mọ̀. Ṣé kí n wá máa bínú lójú àwọn tí o ń tara wọn jẹun ni? Dìde." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Mo máa ń mọ̀ pé mo ti bi ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ojú ẹ ló máa ń sọ fún mi. Ìdáhùn yẹn ni kì í dúró lórí mi."

Ìyá ní òun ti dárí jì í. Àmọ́ kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Á kàn dìde, á di ògiri mú, á lọ yí ọwọ́ ilẹ̀kùn wò, á padà wá jókòó. Kò ní pẹ́, á tún dìde.

Ọkọ rí i títí, ó béèrè ohun tó dé. Ìyàwó sọ gbogbo rẹ̀. Ọkọ ò pariwo. "Ìyá tó gbẹ̀bí gbogbo ọmọ wa?" ló kàn wí, ó sì kúrò níbẹ̀. Ìbá sàn kó pariwo.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ya ìwé náà kúrò lára dígí. Ó sọ fún alábàtà pé òun ti wí fún ọkọ òun, pé ohun tí òun ṣe ò dáa. Alábàtà mi orí, ó ní, "Àwa tá a rẹ́rìn-ín náà ńkọ́?"

Láti ìgbà yẹn, bí ìyá bá ti dìde, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ náà á dìde. Á bá a rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á jọ yí ọwọ́ ilẹ̀kùn wò, wọ́n á jọ padà. Ìyá kì í lé e. Ṣùgbọ́n bó bá na apá sí i pé kó dì í mú, ògiri náà ni ìyá ṣì máa ń dì mú.