Ìjókòó Dúró-ná Lórí Àtẹ̀gùn

Ìyá kan fi agídí lé ọmọ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn títí ẹran ara ọmọ náà fi bàjẹ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi kọfí.

Iṣẹ́ ìfọṣọ làwọn méjèèjì ń ṣe nílé ìwòsàn kan. Ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, òkè pátápátá ni wọ́n ti ń sá aṣọ. Ìyá ni ọ̀gá ibẹ̀, òfin kan ló sì ní: ẹni tó bá gbé aṣọ tútù ò gbọdọ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, torí omi tó ń kán lè mú èèyàn yọ̀ ṣubú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ni kì í pa á mọ́. Bó bá gùn díẹ̀, á jókòó. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, á dìde, á gbé ẹrù rẹ̀ dókè láìmí hẹlẹ. Èyí ló ń bí ìyá nínú jù. Bó bá rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ibo lagbára yẹn ti wá? Ó sọ ọ́ ní Dúró-ná.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù tó wúwo dókè bàjẹ́, ìyá tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Lónìí, o ò ní jókòó."

"Màmi, ẹsẹ̀ mi ti le."

"Tèmi ti le kí n tó bí ẹ. Ṣáà máa lọ."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó sì gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ ò ṣeé nà mọ́.

Dókítà tó gbà á sí wọ́ọ̀dù ò fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ìyá. "Mà, bá a bá jẹun, ẹran ara wa máa ń so ṣúgà pọ̀, á tọ́jú ẹ̀. Bíṣẹ́ bá dé, á tú u, á fi ṣagbára. Tọmọ yín mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ohun tó ń tú u ni wọn ò dá mọ́ ọn. Bó bá sinmi díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé oúnjẹ míì wá láti inú ẹ̀dọ̀ àti ọ̀rá. Òun fúnra ẹ̀ ló wá ọgbọ́n yẹn rí. Nígbà tí ò ráyè sinmi, ẹran ara ẹ̀ bàjẹ́, ìyẹn ló dí kíndìnrín ẹ̀ lọ́nà báyìí."

Ìyá yíjú sí bẹ́ẹ̀dì. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ, Màmi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Ẹ ní kí n yé díbọ́n."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, kíndìnrín sì bọ̀ sípò. Ìyá gbé àga méjì sórí àtẹ̀gùn àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á máa gbé aṣọ sí. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ì bá ti yanjú omi tó ń kán látọjọ́ yìí. Wọ́n jọ máa ń jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, èjìká kan èjìká.

"Ṣó ń dùn ẹ́?"

"Rárá o, Màmi," á sì fọwọ́ pa ìyá rẹ̀ lórí.

Ìka ọmọ ni ìyá ń wò, bóyá ó ti ká kò, kó tó mọ bó ṣe rí. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀ dénú, ṣùgbọ́n kò tún sọ ibi tó ń dùn ún fún un mọ́.