Ẹni Tí Ó Káwọ́ Sẹ́yìn

Ẹ̀kọ́ ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọmọbìnrin mi ni ó já a kulẹ̀ nínú ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ọmọ kì í nàró kí àgbà máa bẹ̀rẹ̀, pé ẹni tí a bí re kì í fi ojú wo ẹrù lórí arúgbó. Ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà dé eegun, òun náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tirẹ̀ jẹ́.

Nílé níbi tí a ti wá, iṣẹ́ físíò ni ó ń ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí apá rẹ̀ rọ, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀ tí kò tẹ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to egungun itan rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn lọ, òun a sì fi ọwọ́ àti ìdárayá dá wọn padà sórí ẹsẹ̀ wọn. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè é. Ṣùgbọ́n oríkì kì í bá ènìyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tí a dé ìlú tuntun yìí, àwọn aláṣẹ iṣẹ́ náà wí fún un pé ohun tí ó mọ̀ dára, ṣùgbọ́n kí ó wá ṣe é lójú àwọn ná kí àwọn tó fún un ní ìwé àṣẹ. Títí di ìgbà náà, kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ó wá lọ ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tí ó mọ bí òun yóò ṣe gbé dìde kọjá lójoojúmọ́, pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ náà, wọ́n mú bàbá àgbàlagbà kan jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n ní kí ó wo bí bàbá náà ti lè dá bàtà wọ̀, kí ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó ń wá bàtà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ọmọ mi tó mọ ohun tí òun ń ṣe, ó ti kúnlẹ̀, ó ti wọ bàtà náà sí i lẹ́sẹ̀, ó ti so okùn rẹ̀, ó sì ti kí i kú ìnira. Olùdánwò tí ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá kàn mi orí ni. Wọ́n ní ó gba iṣẹ́ mọ́ aláìsàn lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí a bá ń bá wọ bàtà lójoojúmọ́, láìpẹ́ kò ní lè dá a wọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó tún kù fún un. Bí ó bá tún kùnà, ilẹ̀kùn iṣẹ́ náà ti tì mọ́ ọn ní ìlú yìí nìyẹn, agbọ̀n aṣọ ni yóò sì máa gbé kiri.

Bí èmi ṣe di aláìsàn ìdánrawò nìyí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá àti ẹsẹ̀ òsì mi kí a tó kúrò nílé. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn, ọmọ mi a sì máa so ìgbànú fífẹ̀ kan mọ́ mi ní ìbàdí, kí ó lè rí nǹkan gbá mú bí mo bá fẹ́ ṣubú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín."

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́ máa ṣe?"

"Èmi á máa wò yín ni."

"O máa wò mí! Ṣé tẹlifíṣàn ni mo dà ni?"

Ẹ̀rín pa àna mi, ọkọ rẹ̀, nínú ilé ìdáná. "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Èmi gan-an, ó ti pẹ́ tó ti káwọ́ sẹ́yìn tó ń wò mí bí mo ṣe ń fọ abọ́. Mo rò pé ìdánwò ló ń kà fún, àṣé ọ̀lẹ ni."

"Ẹ máa fọ abọ́ yín," ni ọmọ mi wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo rí i pé ẹ̀rù ti bo ọmọ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ti fì díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a fò jáde bí adìẹ tí ó rí àgbàdo, òun a sì gbá a padà, a máa bá ọwọ́ ara rẹ̀ wí bí ẹni ń bá ọmọ olórí-kunkun wí. Nígbà tí ó yá, ó kọ́ láti ká a sẹ́yìn, ó ń fún ìka mọ́ ìka. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni òun náà wá ń fi gbá mi mú. Orúnkún mi ni ó máa ń wò. Ó ní orúnkún ni í kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí ara tó ṣubú. Ìgbà mìíràn, ní àárín oúnjẹ, a ṣàdédé gbé ṣíbí sílẹ̀. "Bí mo bá tètè dì í mú, mo ti kùnà. Bí mo bá pẹ́ jù ńkọ́, tí arúgbó fi orí lu ilẹ̀?" Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ènìyàn ìgbà tí ó yẹ kí ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́?

Ọjọ́ ìdánwò kejì pé. Kò lè jẹun. Ó wọ ẹ̀wù, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo súre fún un, ó ṣe àmín. Ilẹ̀kùn wa jẹ́ irú èyí tí ń ti ara rẹ̀ bí a bá ti fà á. Ó fà á, ó lọ. Nígbà náà ni mo rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lórí tábìlì.

Ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, kò sì ní dé títí ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó, mo ń wo kọ́kọ́rọ́ náà, inú mi kò dùn sí wíwò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ ọ bí ó ti ń tú àpò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìderí ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà gbà bọ́ sínú ilé, láàárín ilẹ̀kùn, ṣí sókè.

"Bàbá, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́."

"Mo ti rí i. Báwo ló ṣe rí?"

Ó fa imú bí ẹni tí ń sọkún.

"Mo ní báwo ló ṣe rí?"

"Bàbá tí wọ́n mú wá dá bàtà wọ̀. Ó pẹ́, mi ò fọwọ́ kàn án. Ó wá rìn dé àárín yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Ó na ọwọ́ sí mi. Ó ní, 'Ọmọ mi, gbà mí.'"

"O gbà á?"

"Mo wo orúnkún rẹ̀, mo rí i pé kò tíì rọ. Mo sún mọ́ ọn, àmọ́ mi ò gba ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀, kó mí."

"Ó ṣubú ni?"

"Rárá. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà."

"Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Ojú tó fi wò mí, Bàbá! Olùdánwò ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní àwọn á pè mí kílẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á ní ìkà ni mí. Mo bá bàbá wọ bàtà lọ́jọ́ kìíní, mo kùnà. Mi ò di bàbá tòní mú, mo tún kùnà."

Ìderí náà pa dé. Mo gbọ́ ọ tí ó jókòó ti ilẹ̀kùn, tí ó ń sọkún bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́. Kò sí bàbá tí yóò gbọ́ ẹkún yẹn láti orí àga kí ó sì jókòó. Mo fa ìdí dé etí àga, mo kó ẹsẹ̀ sábẹ́ orúnkún bí ó ti kọ́ mi, mo tẹ orí síwájú, mo dìde.

Ọ̀pá mi dún nílẹ̀. Kíá ni ìderí ṣí.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe? Ẹ jókòó! Ẹ ò so ìgbànú!"

"Ta ni yóò dì í mú bí mo bá so ó?"

Ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní àárín yàrá, bàtà òsì mi há sí etí kápẹ́ẹ̀tì, ó bọ́. Mo dúró. Àwọn àgbà ní bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Àwọn tí ó pa òwe náà kò ní rọpárọsẹ̀. Yíyípadà ni ó burú jù fún mi. Mo ń lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ni mo tó rí ohun tí mo ti gbàgbé. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni ó lè yí irin tí ó ti ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni ó sì di ọ̀pá mú. Bí n kò bá fi ọ̀pá sílẹ̀, n kò lè ṣílẹ̀kùn. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀, kò sí ohun tí ó dì mí mú mọ́ láyé. Àga àti tábìlì tí kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀ jìnnà lẹ́yìn mi bí ìlú tí a ti wá. Òógùn bò mí.

"Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí."

Ohùn rẹ̀ yí padà. Ẹkún kúrò nínú rẹ̀. Irú ohùn tí ó ń lò ní ilé ìwòsàn nílé ni mo gbọ́.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Bàbá. Ẹ fi èjìká ọ̀tún ti ògiri. Ó tì í? Ẹ gbára lé e. Ẹ wá fi ọrùn ọ̀pá kọ́ ọwọ́ òsì yín. Kò lè yí irin, àmọ́ ó lè di èèkàn tí a fi nǹkan kọ́."

Nínú àpò rẹ̀, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Wọ́n ń pè ọ́," ni mo wí.

"Ó lè máa dún."

"Àwọn ni!"

"Bàbá, orúnkún yín nìkan ni mo ń rí níbí, òun ni mo sì ń wò. Kò tíì rọ. Ẹ tú ọwọ́ lára ọ̀pá."

Fóònù dún títí, ó dákẹ́. Mo tú ọwọ́. Ayé fì lọ, ó fì bọ̀, ògiri nìkan ni ó dúró. Mo na ọwọ́ sí irin, ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí òógùn. Mo tún un nà. Ó yí.

Ilẹ̀kùn ṣí, ọmọ mi sì wà níbẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. Ó dìde. Kò fò mọ́ mi. Ó dúró súnmọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn.

"Ṣé kí n dì yín mú?"

"Dì mí mú o jàre! Ìdánwò ha ni èyí náà ni?"

Nígbà náà ni ó gbá mi mú, a sì jọ ń gbọ̀n, n kò mọ èyí tí ó ju èkejì lọ. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀. Kò gbé e títí ó fi mú mi dé orí àga, tí ó rí i pé mo fẹ̀yìn tì. Ó wá gbé e sétí. Ó ń tẹ́tí, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí ń retí ìlù pàṣán. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó tún ní, "Mo rí i pé bàbá náà lè dúró ni, sà." Ó dúpẹ́, ó sì rọra gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

"Wọ́n gbà mí, Bàbá. Wọ́n ní kí n wá gba ìwé àṣẹ."

Bàtà mi ṣì wà ní àárín yàrá. Àwa méjèèjì ni a jọ rí i. Mo na ẹsẹ̀ òsì mi, mo mi ọmọ ìka rẹ̀ bí ó ti lè ṣe é mọ.

"Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀," ni mo wí, "ìdánwò ṣáà ti parí."

Ó lọ mú bàtà náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí a ti ń gbé nǹkan fún àgbà, ó sì gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi. Ó wá ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Mo fi orúkọ bàbá rẹ̀, èmi náà, bú u, mo sì tẹ̀ síwájú sí bàtà náà.