Ọ̀bẹ Tó Ń Kéré Sí I

Ọ̀bẹ gígùn ni alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ rọ fún àwọn obìnrin tó máa ń dá rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Àwọn olè já a gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì fi gún un. Ni alágbẹ̀dẹ bá gé ojú ọ̀bẹ kúrú, ó fi òrùka sí èèkù rẹ̀ kí ìka lè kọ́ ọ dáadáa. Ìyẹn tún gé ẹni tó ni ín lára láti inú àpò. Ló bá ṣe èyí tó ṣeé ká, ó sì fún ọmọbìnrin rẹ̀ ní àkọ́kọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà wọlé pẹ̀lú aṣọ yíya, ojú rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀. Ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíká.

"Bàámi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò rí i ṣí."

"Màá tún un ṣe. Màá jẹ́ kó máa ta ṣí fúnra rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe òmíràn mọ́. Mi ò ní jáde mọ́."

Omi tán lẹ́yìn ẹja alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin méjì wá kanlẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ irú èyí tó ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ó na ọ̀bẹ ọmọ rẹ̀ sí wọn, ní kíká bó ṣe wà.