Ọmọ Ogun tí Jẹ́jẹ́ Fi Èèkù Ọ̀bẹ Gbẹ́

"Láìsí ìwé ìjáde, pátákó yìí kò ní í kọjá géètì," ni Fóòmaàn wí, ó sì há pátákó ayò ṣẹ́ẹ̀sì náà mọ́ abíyá.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́ dúró níwájú rẹ̀, òwú tó fi ń rán ìwé pọ̀ ṣì wé mọ́ ọn níka. Ó ní òun mọ òfin ilé ìtẹ̀wé náà. Ohunkóhun kì í jáde níbẹ̀, bó ṣe bébà kan, àfi tí Fóòmaàn bá buwọ́ lùwé. Ohun tí òun wá bẹ̀ ẹ́ sí nìyẹn, kó buwọ́ lùwé, kí òun lè gbé pátákó ọkọ òun lọ sílé.

"Ọkọ rẹ ló kùn ún, mi ò jiyàn," ni Fóòmaàn dáhùn. "Ṣùgbọ́n ibí la ti ń ta á láti ọdún mọ́kànlá. Ta ló fẹ́ ta á nílé rẹ? Pátákó tí a kò ta, igi ìdáná ni."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jẹun ọ̀sán lórí tábìlì ìdìwé rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nígbà tí ọ̀gá bá dápàárá ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń lo ẹ̀rọ ìgéwèé kí àìsàn àyà tó dá a dùbúlẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí tí ó bá ń ro ibi tí yóò ta sí, tíì ọwọ́ rẹ̀ a di omi tútù. Ó fi pátákó náà sílẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tó lọ sí ọsibítù, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé dé, Jẹ́jẹ́ kò dé.

"Ó dáa," Fóòmaàn gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ọjọ́ tí o bá pa mí láyò lórí rẹ̀, màá buwọ́ lùwé."

"Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta."

"Gba ọdún kan, Ìyá Abẹ́rẹ́."

"Oṣù mẹ́ta tó, sà."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí pátákó náà pàápàá.

Bàbá Géètì, arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló gbà láti kọ́ ọ. Òun àti Jẹ́jẹ́ ti jọ ta á títí kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn yòókù bá ti lọ, wọn a jókòó sínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ géètì, wọn a to ìdérí ìgò sórí páálí tí wọ́n fa ojú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sí.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, ṣẹ́ẹ̀sì jìn ju òkun lọ, oṣù mẹ́ta ò sì tó wọ kànga. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni màá fi hàn ọ́, ọ̀nà tí Jẹ́jẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀nà náà kò ṣòro lójú. Ọmọ ogun, ìyẹn ọmọ ayò tó kéré jù, tó wà níwájú ayaba ni yóò kọ́kọ́ sún ojú méjì. Bí ẹnìkejì bá sún tirẹ̀ bákan náà, ọmọ ogun tó wà lápá òsì ti àkọ́kọ́ yóò sún ojú méjì pẹ̀lú, yóò lọ dúró gbangba níbi tí ọ̀tá ti lè pa á.

Ìyá Abẹ́rẹ́ bèèrè bóyá wọ́n kàn ń fi ọmọ ọlọ́mọ tọrẹ ni.

Bàbá mirí. "Àwọn ẹlòmíràn ń pè é ní ìdẹ. Ọkọ rẹ kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ tí a rán níṣẹ́ ni. Bí kò bá tilẹ̀ padà, ọ̀nà tó là ṣì wà níbẹ̀."

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àṣìṣe kan náà ló ń ṣe. Bí Bàbá bá ti mú ọmọ ogun yẹn, obìnrin náà a gbé ayaba jáde, a lé e lọ síbi tí wọ́n mú un lọ, a ní àfi dandan kí òun gbà á padà. Bàbá a sì fi ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù ká ayaba mọ́ igun.

"Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ, má sáré lé e," ni arúgbó náà wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. "Tún ilé rẹ ṣe ná. Jẹ́ kí ẹni tó gbà á máa jìyà àtidì í mú."

Obìnrin náà dìde. "Ẹnu dùn-ún rofọ́, Bàbá. Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ yín."

Bàbá Géètì ń to àwọn ìdérí ìgò náà padà. "Wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bí ọ," ni ó wí. "Èmi náà sáré lé e, mi ò bá a. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Jókòó, olórí kunkun."

Ó jókòó. Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń rán ìwé lọ, ọ̀rọ̀ náà yé e láti inú abẹ́rẹ́ wá. Ẹni tó bá fa òwú kí abẹ́rẹ́ tó la gbogbo ihò já, bébà ni yóò fà ya. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sáré mọ́.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Fóòmaàn gbé pátákó sórí tábìlì ìdìwé ní ìsinmi ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tí Jẹ́jẹ́ fi ọ̀dà kọ sí etí rẹ̀ kò tíì pa rẹ́: ỌWỌ́ KÀN ÁN, GBÉ E. Fóòmaàn ní kí obìnrin náà mú funfun, kí wọ́n má baà ní òun rẹ́ opó jẹ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun funfun náà kì í ṣe funfun. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti sọnù, Jẹ́jẹ́ sì fi èèkù ọ̀bẹ aya rẹ̀ kan tó kán gbẹ́ òmíràn. Kò kùn ún. Ó pọ́n láàárín àwọn yòókù bí àlejò. Ìyá Abẹ́rẹ́ tò ó sí àyè tí Jẹ́jẹ́ máa ń tò ó sí, lápá òsì ọmọ ogun ayaba.

Ó sún ti ayaba. Fóòmaàn sún tirẹ̀. Obìnrin náà sún èyí tó pọ́n, ó sì ká ọwọ́ kò.

"Ṣé o rí ibi tí o gbé e sí ṣá?" Fóòmaàn bèèrè.

"Mo rí i, sà."

Fóòmaàn mú un, ó jù ú sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀. Ẹnìkan sọ pé ìtàn ti parí. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò lé e. Ó sún ọmọ ogun iwájú ọba ní ojú kan, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wà nínú ilé. Ẹni tó gbà kò fẹ́ kí ohun tó gbà bọ́, ló bá sún ọmọ ogun kan ti èyí tó fi pa á lẹ́yìn. Obìnrin náà sún ti etí pátákó láti tì í. Fóòmaàn tún fi òmíràn gbè é. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀kan sí ọ̀kan. Nígbà náà ni ayaba funfun jáde wẹ́rẹ́, ó dúró lókèèrè, ó sì wo ọ̀nà gbọọrọ tó ti ṣí sílẹ̀ títí dé igun, níbi tí ilé ìṣọ́ Fóòmaàn, ọmọ ayò ńlá kan, wà láìní alábòójútó.

Fóòmaàn fọwọ́ kan ẹṣin rẹ̀ láti fi dí ọ̀nà náà, ó rí i pé ayaba yóò jẹ ẹ́, ló bá fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ìka tọ́ etí pátákó. "Ọwọ́ ti kàn án, sà. Ẹ gbé e."

Agogo iṣẹ́ lù. Fóòmaàn ní kí wọ́n pè é ní ọ̀mì, iṣẹ́ ti dé. Obìnrin náà ní rárá, òun kò gba ọ̀mì, òun yóò sì fi ìrọ̀lẹ́ san àkókò náà padà. Kò sẹ́ni tó kúrò nídìí tábìlì. Fóòmaàn gbé ẹṣin, ayaba jẹ ẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ohun tó bá fi síwájú ni obìnrin náà ń pààrọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń tú okùn ìwé àtijọ́, títí tí kò fi ku ohun tí ọba dúdú lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Fóòmaàn fi ìka kan tẹ ọba rẹ̀ dùbúlẹ̀.

Ó mú ìwé ìjáde, ó kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tó ni ín, ó kọ "Olóògbé Jẹ́jẹ́."

Ìyá Abẹ́rẹ́ tì í padà sí i. "Ẹ pa á rẹ́, sà. Olóògbé kò ní nǹkan kan mọ́. Èmi ni mo ni ín."

Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Obìnrin náà kó àwọn ọmọ ayò sínú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí Fóòmaàn. Ìgbà náà ni ọkùnrin náà rántí àpò àyà rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ rẹ fi ń na ọmọ ogun yìí sí mi," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò gbà á rí."

"Kí ló wá dé tí ẹ gbà á lọ́wọ́ mi?"

Fóòmaàn tọwọ́ bọ àpò àyà náà. Ó gbé ọmọ ogun náà sí i lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Géètì yẹ ìwé náà wò níwájú àti lẹ́yìn, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ó pé," ni ó wí. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Màá gbé e padà wá lọ́sàn-án. Fóòmaàn á tún buwọ́ lùwé nírọ̀lẹ́." Ó gbé pátákó náà sọ́wọ́ dáadáa, ó kọjá géètì. "Ẹ̀yin lẹ máa mú dúdú, Bàbá."