Ìjókòó Tó Wà Lẹ́yìn Kíláàsì

Nígbà tí ìjọba ìlú New York pinnu pé àwọn máa pa ilé-ẹ̀kọ́ girama Crandall ní Bronx rẹ́, kí wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké sílẹ̀ nínú ilé kan náà, ó ti pẹ́ tí Verna Tolliver ti ń kọ́ni ní ìtàn níbẹ̀. Ó ti pẹ́ débi pé ọmọ àwọn tó ti kọ́ rí ló ń kọ́. Ilé náà kún fọ́fọ́ nígbà yẹn. Bí aago bá ti lù, àwọn ọmọ á tú síta bí omi, èèyàn á fara ti ògiri kí wọ́n má bàa gbé e lọ. Síbẹ̀, inú ariwo yẹn ni Verna ti ń dá wà. Látọjọ́ tó ti débẹ̀, kò sí olùkọ́ kankan tó wá wo bó ṣe ń kọ́ni, òun náà kò sì wo ti ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ní níbẹ̀ ni Howard Bascombe, olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wá láti Barbados. Kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jẹun ọ̀sán. Howard á pín búrẹ́dì ẹlẹ́ja rẹ̀ sí méjì, á ti ìdajì sí Verna láìwo ojú rẹ̀. Ọkọ Verna ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé ní Seattle, nítorí náà oúnjẹ yìí nìkan ló máa ń jẹ pẹ̀lú èèyàn.

Àṣẹ dé pé kì í ṣe gbogbo olùkọ́ àtijọ́ ni wọ́n máa gbà sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá tuntun wá jókòó ti òun nígbà tó bá ń kọ́ni. Howard ní òun kò ṣe.

“Kí ọmọ àná kan wá máa wò mí bí ẹni tó ń kọ́ ìrìn? Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá ṣe é?”

“Howard, níbo ni kí n gbà lọ? Ilé?”

Howard rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu pátákó tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Yadira Peralta lorúkọ ọ̀gá tuntun náà. Nígbà tó wá sí kíláàsì Verna, ẹ̀yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló lọ jókòó sí. Lọ́jọ́ náà, Verna ń sọ bí àwọn èèyàn dúdú ṣe kó kúrò ní Gúúsù orílẹ̀-èdè náà wá sí àwọn ìlú ńlá Àríwá. Àwọn òbí tirẹ̀ wà lára wọn, ó sì mọ ọ̀rọ̀ náà sọ. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde tán, Yadira kò dìde.

Ó ní, “Ẹ mọ ìtàn yìí, mà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbéèrè tẹ́ ẹ bi wọ́n, ẹ̀yin náà lẹ dáhùn.”

Inú bí Verna. Ó bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ olùkọ́.

“Ibí ni mo ti kàwé, mà. Kíláàsì yín. Ìjókòó yìí ni mo jókòó sí fún ọdún kan gbáko.”

Verna wo ojú rẹ̀ títí. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ tó mọ̀. Ó ní òun kò rántí.

“Mo mọ̀. Mi ò lanu rí. Mi ò bínú sí yín, a ti pọ̀ jù. Mo kàn pinnu pé bí mo bá ní ilé-ìwé tèmi, kò ní tóbi débi tí ọmọ kan á fi rí ibi sá pamọ́ sí.”

Verna kò lè jẹun nígbà tó délé. Ó jókòó, ó ń wá ojú àwọn ọmọ nínú orí rẹ̀. Àwọn olóríkunkun yọjú, àwọn tí orí wọn pé yọjú. Àwọn tó wà láàárín kò wá.

Yadira gbà á síṣẹ́. Ní gbogbo ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Verna jókòó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, tó sì ń dákẹ́ kí ọmọ lè dáhùn. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àlejò. Bí ó bá dé ibi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á sún fún un, ẹ̀rín wọn á sì lọ sílẹ̀.

Ilé-ìwé wọlé. Lọ́jọ́ kan, Verna bi àwọn ọmọ pé kí ló lè mú kí èèyàn fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ìdáhùn ń yún un lọ́fun, ó sì gbé e mì. Ó pẹ́ kí Marisleidy, ọmọbìnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ rí, tó gbé orí sókè.

“Bàbá mi fi wá sílẹ̀ ní Santiago, ìlú wa. Ó ní torí tiwa ni. Mo rò pé irọ́ ni. Ìgbà tá a débí ni mo rí i pé yàrá kan lòun nìkan ń gbé, àwòrán wa ló wà lára gbogbo ògiri.”

Àwọn ọmọ yíjú sí i. Ọmọ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀.

Inú Verna dùn débi pé ó gbàgbé pé Howard kò sí níbẹ̀ mọ́, ó gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ mìíràn. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan ló ni ín báyìí. Howard fúnra rẹ̀ kò ní ibì kan mọ́. Ìjọba ń rán an káàkiri láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, pé kó máa jókòó ti kíláàsì olùkọ́ tí kò bá wá. Nígbà tó kọ́kọ́ bá Verna sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní àwọn ọmọ kò tiẹ̀ mọ orúkọ òun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mọ́.

Yadira bá a níbi tó dúró sí lórí àtẹ̀gùn, ó bi í pé kí ló dé. Verna dárúkọ Howard.

Yadira ní, “Nígbà tí mo ń kàwé níbí, òun nìkan ló mọ orúkọ mi nínú ilé yìí, mà. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá bá mi ṣiṣẹ́, mo tún ránṣẹ́. Ó ní kò sí ẹni tó máa wá jókòó ti òun.”

“Ṣé o sọ fún un pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ẹ́?”

“Mo fẹ́ kó wá ná, kó rí mi, kó dá mi mọ̀ fúnra rẹ̀.” Ó yíjú kúrò. “Mi ò mọ̀ pé kò ní wá.”

Nígbà tí Verna délé, ó pe Howard. Fóònù náà ń dún ṣáá, kò gbé e. Ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ ní kí ẹni tó pè sọ tẹnu rẹ̀. Verna sọ ọ́. Ó sọ ti Yadira, ó dárúkọ ọmọ náà ní kíkún, ó sì sọ pé ọmọ náà ṣì ń retí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó bu oúnjẹ, ó sì jókòó ti fóònù náà, ó ń retí kó dún.