Ilá Aṣálẹ̀ Ìyá Túnmiṣe

Kí Mojọlá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, El Paso ló ń gbé, létí aṣálẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan tí ilé wọn kángun síra ti fi òdòdó kan hàn án, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí èèpo ọsàn, tó ń hù láàárín òkúta. Wọ́n ń gún ewé rẹ̀ lé egbò. Wọ́n tún ń sè é mu bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dunni, ṣùgbọ́n aṣọ ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, torí irun ara ewé náà a máa yún èèyàn lọ́fun. Nígbà tí Mojọlá fọwọ́ ra ewé náà, tó rí i tó ń yọ̀, ẹ̀rín pa á. "Ọmọ ìyá ilá nìyí." Ilá aṣálẹ̀ ló ń pè é láti ìgbà náà.

Nígbà tó wá ń gbé lọ́dọ̀ Túnmiṣe ọmọ rẹ̀ ní ìlú Cypress, ó da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ síwájú ilé, ó gbin irúgbìn òdòdó náà tó mú bọ̀ síbẹ̀. Ó hù, ó sì tanná.

Ni Babáwálé, ẹnjiníà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, bá yà wá lẹ́yìn ìsìn.

"Mummy, ẹ má bínú. Koríko nìkan ni òfin wa gbà níwájú ilé. Ojú wo làwọn òyìnbó yìí máa fi wo àwa ọmọ Nàìjíríà?"

"Ojú tó bá wù wọ́n," ni Mojọlá dáhùn. "Mi ò ní gé e."

Túnmiṣe bẹ̀ ẹ́ títí. "Mummy, ẹ jẹ́ ká gbé e sí backyard."

"Mi ò jí i, Túnmiṣe. Kí ló dé tí mo fi máa gbé e pamọ́?"

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn agékoríko tí ẹgbẹ́ onílé rán dé. Mojọlá gbé àga síta, ó jókòó ti òdòdó rẹ̀, ó nasẹ̀. Babáwálé sáré dé, ó bẹ̀bẹ̀, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Màmá ò dìde. Àwọn agékoríko bá lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Mojọlá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ti gé e kanlẹ̀. Tìbínútìbínú ló fi ń ṣa àwọn ewé tó fọ́n ká. Babáwálé dúró lókèèrè.

"Mummy, ọ̀rọ̀ ti tán báyìí."

"Orí lẹ gé. Ẹ ò rí gbòǹgbò."

Ó ń bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i, lójú gbogbo àdúgbò, títí ewé tuntun fi yọ. Nígbà tí àwọn agékoríko padà wá, Túnmiṣe ló kọ́kọ́ jáde, ó sì dúró síwájú ẹ̀rọ wọn.

"Ẹ fo ibí yìí," ló wí.

Wọ́n fò ó.