Apá Tó Gbé Garawa, Tí Kò Lè Gbé Ṣíbí

Àwọn tí wọ́n jọ ń kunlé ló sọ ọ́ ní Àkàsọ̀, torí kò sí àjà tó ga jù fún un. Lọ́jọ́ tó já bọ́ láti òkè, èjìká ọ̀tún ló fi lulẹ̀, orí rẹ̀ sì yẹ̀ sí òsì bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ fà á tu.

Ọ̀gá wọn ní ìdánwò kan fún ẹni tó bá ṣubú: garawa ọ̀dà tó kún. Bó o bá ti lè gbé e la yàrá kọjá, kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Àkàsọ̀ fi ọ̀tún gbé e.

Ọ̀gá ní, "Kò sóhun tó ṣe ẹ́. Àjà yàrá ńlá ń dúró dè ẹ́ lọ́la."

Ilẹ̀ mọ́, ìka rẹ̀ di búrọ́ṣì mú dáadáa, àmọ́ apá kọ̀, kò lọ sókè. Ìgúnpá kò ká. Ló bá so búrọ́ṣì mọ́ ọ̀pá gígùn, ó fi ìbàdí gbé ìdí ọ̀pá náà ró, ó ń fi òsì tì í kiri. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Aláwàdà, ọ̀kan nínú wọn tó ń ha ògiri nítòsí, bú sẹ́rìn-ín. "Àkàsọ̀, ta ló fẹ́ fún ẹ ní rìbá? Látàárọ̀ lo ti tẹ́wọ́ sẹ́yìn."

"Ìwọ ni. Mú un wá, ahun!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àkàsọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀. Apá náà rọ̀ sísàlẹ̀ gbọọrọ, ó yí sínú, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sẹ́yìn. Kì í ṣe òun ló gbé e bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, ṣíbí kò kúrò nílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ń tẹ̀ lọ bá ṣíbí. Ó dìde.

"Ọ̀gá, mò ń lọ ọsibítù."

"Ṣebí o gbé garawa?"

"Mo gbé garawa, sà. Ṣíbí ni mi ò lè gbé dé ẹnu."

"Tó o bá lọ, mo máa gbé àjà yẹn fún ẹlòmíì."

"Ẹ gbé e fún un. Àjà pọ̀ nílùú. Apá méjì péré ni mo ní."

Dókítà ní kó gbé apá sókè, kò lè gbé e. Ó ní kó di ọwọ́ òun mú, kó fún un pọ̀, ó fún un débi tí dókítà fi ṣe "yéè!" Dókítà fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀, lójú Àkàsọ̀, àfi bí ẹni pé aṣọ tó nípọn wà láàárín wọn.

Dókítà ní, "Àwọn iṣan kan ti ọrùn wá, àwọn ló ń rán apá níṣẹ́. Ti òkè ló fà nígbà tẹ́ ẹ ṣubú. Àwọn ló ń gbé èjìká, tó sì ń ká ìgúnpá. Ti ìsàlẹ̀ ló ń mú ìka di nǹkan mú, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan. Garawa tẹ́ ẹ sọ yẹn, ẹ má gbé e mọ́ o, ó ń fa èjìká yín yọ."

"Ṣé á san?"

"Ó lè san. Mi ò lè búra. Tí ìgúnpá ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká láàárín oṣù mélòó kan, a máa ṣiṣẹ́ abẹ."

Àkàsọ̀ fẹ́ràn ìdáhùn yẹn, torí kò tàn án. "Kí ni kí n máa ṣe?"

Láràárọ̀, bí dókítà ṣe kọ́ ọ, á da páúdà sórí tábìlì kí apá lè máa yọ̀, á tẹ́ apá lé e, á máa gbìyànjú láti wọ́ ọwọ́ wá sí àyà. Kò mira. Lẹ́yìn náà, á lọ fi òsì kun férémù ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Ó rí wúruwùru. Á ha á kúrò, á tún un kùn.

Oṣù kejì ń parí lọ nígbà tí Aláwàdà mú ọsàn kan wá bá a nídìí tábìlì náà. "Rìbá ẹ nìyí." Ó gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà Àkàsọ̀. "Wá gbà á níwájú."

Àkàsọ̀ fa apá náà. Òógùn bò ó. Ọwọ́ náà wọ́ díẹ̀ nínú páúdà, ó fi ipa sílẹ̀, ó dúró.

"Ó mira!" Aláwàdà na ọwọ́ sí ọsàn náà láti sún un mọ́ ọn.

"Fi ọsàn mi síbẹ̀," ni Àkàsọ̀ wí, ó sì tún fa apá náà.